Ọmọ Tí Kò Ní Orúnkún

Mo mọ iṣẹ́ mi dunjú. Ó dáa kí n tètè sọ ọ́, torí ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí lè mú kí ẹlòmíràn rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe fíìmù kàtúùnù kan tí kò ju ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún lọ, nínú yàrá kan ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Awọ ewúrẹ́ ni mo fi ṣe é. Mo gé awọ ní ìrísí èèyàn, mo gé igi, mo gé òkè, mo gé ilé, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo so kámẹ́rà mọ́ òkè àjà, mo wá ń ya fọ́tò wọn níkọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ya ọ̀kan, màá sún ẹsẹ̀ ọmọlangidi síwájú díẹ̀, màá tún ya òmíràn. Tí àwọn fọ́tò náà bá wá ń sáré tẹ̀lé ara wọn lára ògiri, ọmọlangidi á máa rìn. Ìgbésẹ̀ kan péré lè jẹ fọ́tò méjìlá. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó yáa lọ máa ta búrẹ́dì.

Awọ kì í ṣe àjèjì sí mi. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi ní Ọ̀yọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, kò sì jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Tìmùtìmù ló ń rán jù, èyí táwọn èèyàn máa ń jókòó lé ní pálọ̀. Ó tún ń ṣe bàtà, ó ń ṣe àpò, ó sì ń rán awọ bo tírà fún àwọn ààfáà. Èmi ló fẹ́ kó jogún ọ̀bẹ ìgéwọ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kọ́, kò bínú, kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Iṣẹ́ yòówù tó o bá ṣe, jẹ́ kí n lè fọwọ́ kàn án.” Látọjọ́ náà, kò sí nǹkan kan tí mo ṣe tí bàbá lè fọwọ́ kàn. Mo lè tún kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ṣe lóòjọ́, gbogbo rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀, màá sì délé lọ́wọ́ òfo.

Ìdí tí mo fi fi awọ ṣe fíìmù nìyẹn. Mo máa ń sọ fún àwọn ará Under G pé iṣẹ́ ọnà ni, pé kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí lágbègbè wa, mi ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí bàbá mi wò ó, kí ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dáa. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá rí i báyìí, kò ní rí i mọ́.

Sábó ni mo ti ra èyí tó pọ̀ jù nínú awọ náà, lọ́wọ́ bàbá Hausa kan tó máa ń gbóòórùn awọ kó tó fi lé èèyàn lọ́wọ́, bí ẹni pé awọ náà ló fẹ́ ra òun. Ṣùgbọ́n awọ pupa tí mo fi gé ọmọ tó jẹ́ áktọ̀ fíìmù náà, ti bàbá mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí, torí kò rí irú ẹ̀ rà lọ́jà mọ́. Ó ní kí n wá mú nínú ẹ̀. Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ní kí ọlọ́kadà dúró dè mí lójúde. Ìyá mi ń sùn lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò sì jí i. Mo gba awọ mi, mo lọ. Ọjọ́ kẹfà sí i ni wọ́n pè mí láàárọ̀ pé ìyá mi ti dolóògbé, kí n sì tó dé Ọ̀yọ́, wọ́n ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ṣe pa á láṣẹ. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì dojú kọ iṣẹ́ mi.

Ìtàn inú fíìmù náà ò le rárá. Òjò kọ̀, kò rọ̀ nílùú kan. Ọmọbìnrin kékeré kan mú agbòjò bàbá rẹ̀, ó lóun ń lọ wá òjò lọ sílé ẹ̀. Ó yà sílé àgbà mẹ́fà, àwọn yẹn ń nawọ́ júwe ọ̀nà fún un. Ó gun òkè, ó sọdá odò tó ti gbẹ, ó sì dé ilé òjò. Òjò náà jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ti sùn lọ. Ọmọ náà dúró tì í títí tó fi lajú. Bó ṣe lajú, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, kò sí ìjà, kò sí orin. Ohun téèyàn ń gbọ́ ò ju ìró òòlù bàbá mi lórí awọ, tí mo fi fóònù gbà sílẹ̀, àti ìró òjò lórí páànù. Mo gé arúgbó náà láti ara awọ dúdú, mo sì gé díẹ̀ lára gèlè aláró ìyá mi, mo fi wé e lórí. Mo rò pé torí kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti òjò mu ni.

Ohun kan tún wà. Ọmọ náà ò ní orúnkún. Ìbàdí àti èjìká rẹ̀ nìkan ni mo fi okùn wáyà so kí wọ́n lè máa mì. Bí mo bá fi oríkèé sí orúnkún, fọ́tò méjìlá á di ogún, èmi nìkan ni mo sì ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan pọ́n-ún pọ́n-ún, ó ń rìn bí ẹni tó wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Mo fẹ́ràn ìrìn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ́kọ́ fi hàn. A fi páálí dí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, àwọn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà tí mo tú ìfun wọn síta. Nígbà tó parí, ariwo gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀kan fọwọ́ họrí.

“Ẹ̀gbọ́n, mo rí áktọ̀,” ó ní. “Bọ́ọ̀sì àwọn ọ̀tá ńkọ́? Ta ni áktọ̀ wá bá jà?”

“Kò bá ẹnikẹ́ni jà.”

“Títí tó fi parí?”

“Títí tó fi parí.”

“Há. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rẹ́ wa jẹ.”

Òmíràn ní òun ì bá ti fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà tán kí ọmọ yẹn tó gun òkè dókè. Mo dá a lóhùn pé òkè kì í ṣe àtẹ̀gùn báńkì, ẹni tó bá máa gùn ún á pẹ́ lára ẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn, ó ń nujú. Ó ní bí òjò yẹn ṣe ń dún lórí páànù, ilé àwọn gan-an ló ń dún létí òun. Mo gba gbogbo ìyìn wọn láì tijú. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó dáa, tó wá ń ṣojú bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀tàn ló ń ṣe. Kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí ní ohun tí wọ́n padà bi mí ní Ọ̀yọ́. Kàtúùnù tí wọ́n ti ń wò láti kékeré, ta ló ń kúnlẹ̀ nínú ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ tó ń ta àwòrán sára ògiri lọ sí Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun alásárì. A ta aṣọ funfun sára ògiri pálọ̀ bàbá mi, a ti fèrèsé, ooru sì mú wa. Bàbá jókòó níwájú pátápátá lórí tìmùtìmù, aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú, kí ojú rẹ̀ lè ríran. Ìyá oníkáún jókòó tì í, ìyẹn aládùúgbò wa tó ń ta káún àti iyọ̀ l'Ákẹ̀sán. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mú arákùnrin kan wá látinú ìjọ wọn, awakọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ààfáà àdúgbò wa náà wà níbẹ̀, àtàwọn obìnrin ọjà bíi méje. Ojú bàbá mi nìkan ni mo ń wò.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà dé ilé àkọ́kọ́, ó dúró gbọnrangandan níwájú bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí àga. Bàbá yẹn gbọ́wọ́ sókè, ó júwe ọ̀nà, ọmọ sì bá tiẹ̀ lọ.

“Họ́wù!” Ìyá oníkáún ló pariwo yẹn.

Ó dé ilé kejì. Ó tún dúró gbọnrangandan.

“Kò tún kí wọn o! Ẹ ò rí nǹkan?”

“Ó lè jẹ́ pé ó ń kánjú ni, Mọ̀mí,” awakọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ìkánjú wo? Ṣé ìkánjú ni kò jẹ́ kó lè ní ẹ kú ìjókòó?”

Mo rò pé mo lè là á yé wọn. Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Fíìmù tí ò sọ̀rọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀.”

“Mo gbọ́,” Ìyá oníkáún dáhùn. “Ẹnu ò sọ̀rọ̀. Orúnkún ńkọ́, òun náà yadi ni?”

Ẹ̀rín pa gbogbo pálọ̀. Kò pa mí. Nígbà tí ọmọ náà fi máa dé ilé kẹta, tó tún dúró bí òpó iná, ẹ̀rín ti tán, àwọn obìnrin náà ti ń wojú ara wọn. Ìyá oníkáún wá gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí.

“Ẹ má bá ọmọ náà wí mọ́,” ó ní. “Mo ti mọ ohun tó ṣe é. Ó ti kú ni. Òkú kì í kí aráyé.”

Ààfáà mi orí, ó ní, “Ìnnọ̀ lílláàhi.” Láti ìgbà náà lọ, fíìmù tí wọ́n ń wò ti yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣe. Wọ́n ń káàánú ọmọ náà. Nígbà tó gun òkè, ẹnì kan ń sọ pé ó ti ń lọ sí ọ̀run nìyẹn. Nígbà tó sọdá odò, wọ́n mí kanlẹ̀. Gbogbo ibi tí mo fi ẹ̀rín sí, ìmí ẹ̀dùn ni wọ́n fi gbà á. Ó wá dé ọ̀dọ̀ arúgbó tó ń sùn, ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọn láti òkè.

“Yéè! Ó dúró lé wọn lórí!”

Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Ní Under G, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ní Ọ̀yọ́, obìnrin kan fa ìró rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ó ní òjò ìbínú nìyẹn, ó máa gbé ìlú lọ. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ṣí fèrèsé. Ẹ bá mi wo èèyàn tí wọ́n wá wo fíìmù ìrìn àjò ọmọdé, tí wọ́n ń jáde bí ẹni tó ti ilé òkú bọ̀!

Ṣé wọ́n dákẹ́ ni? Wọn ò dákẹ́ o. Ààfáà ní ọmọ náà ì bá ti ṣe sàláámù, pé a kì í wọlé onílé láì ṣe sàláámù, bí ẹnu ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ lè ṣe é. Awakọ̀ ní fíìmù náà dùn, àfi pé òkè tí mo gé yẹn jọ èyí tó wà lójú ọ̀nà wa, apá òsì ló sì yẹ kó wà téèyàn bá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ti ń bí mi. Mo ní mo fẹ́ bi wọ́n léèrè kan: ta ló ń kí ẹni tó ń sùn?

“A kì í kí i,” Ìyá oníkáún dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. “À á kúnlẹ̀ dè é ni. Tó bá lajú, orúnkún ọmọ tó wà nílẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ rí. Má bínú, ọmọ mi. Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.”

Gbogbo wọn wá yíjú sí bàbá mi. Èmi náà yíjú sí i. Ó fọwọ́ ti tìmùtìmù, ó dìde, ó ní kí wọ́n bá òun bu omi àlùwàlá. Ó kọjá lára mi, ó jáde. Ọ̀rọ̀ kan kò tẹnu rẹ̀ jáde lórí iṣẹ́ ọdún méjì. Ó dùn mí. Mi ò ní ṣe bí akọni lórí ìyẹn: ó dùn mí wọnú eegun.

Mọ́tò awakọ̀ yẹn náà ni mo wọ̀ padà. Mo yíjú sí fèrèsé kó lè mọ̀ pé mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ta ló máa sọ fún awakọ̀ pé kó dákẹ́ nínú mọ́tò ara rẹ̀? A ti rìn jìnnà kó tó ní, “Ọ̀gá, mo ti rò ó. Hóònù ni kẹ́ ẹ fi sí i.”

“Hóònù báwo?”

“Àwa awakọ̀, ṣebí hóònù la fi ń kíra wa lójú títì. Tí ọmọ yẹn bá ti dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dún pìì! Gbogbo ayé á ti mọ̀ pé ó ti kí wọn nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú ò yéé bí mi. Ní Under G, mo tún gbé fíìmù náà síta lọ́jọ́ kejì, kí n lè rí àrídájú pé èmi ni mo jàre. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò rí látọdún méjì. Àwọn àgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí mo gé yẹn, kí wọ́n tó júwe ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á kọ́kọ́ gbọ́wọ́ sókè, á sì tẹ orí díẹ̀, bí àgbà ṣe máa ń ṣe tó bá ń dáhùn ìkíni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi sún àwọn ọwọ́ yẹn, fọ́tò kan lẹ́yìn èkejì. Mo ti jẹ́ kí wọ́n dáhùn, ẹnikẹ́ni ò sì kí wọn. Ọwọ́ mi mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, orí mi ló lọ jókòó sí Under G. Síbẹ̀ mo ní mi ò ní yí nǹkan kan padà. Mo ní iṣẹ́ ti parí, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lọ ṣe tiẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá pè mí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fóònù. Ó ní, “Wá lọ́la. Mú ọmọ náà dání, àti ìyá yẹn, àti ẹ̀rọ tó o fi ń yà wọ́n.” Ó gé fóònù.

Mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó jókòó sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ó na ọwọ́. Mo gbé ọmọlangidi pupa náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yíká, ó tọ èjìká, ó tọ ẹsẹ̀ méjèèjì tó gan.

“O gé e dáadáa,” ó ní. “Ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n. Èmi gan-an ò gé etí kékeré tó báyìí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọjọ́ orí rẹ.”

“Ẹ ṣé, Bàbá.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo ń retí ti dé nìyẹn. Kò tíì dé.

Ó mú arúgbó òjò, ó fọwọ́ pa gèlè orí rẹ̀.

“Mo mọ aṣọ yìí.”

Mo ń wo ìka rẹ̀ lórí aṣọ náà.

“Mo wo fíìmù rẹ. Gbogbo wọn ń pariwo àgbà mẹ́fà. Èmi ò ráyè ti àwọn yẹn. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ yìí dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, ó dúró lé e lórí, kò kí i.”

“Bàbá, wọ́n ń sùn ni.”

“Ó ń sùn lọ́jọ́ tó o wá mú awọ náà. Ibi tí mo jókòó sí yìí ni mo wà. O dúró lé e lórí, o wò ó, o wo aago ọwọ́ rẹ, o kọjá.”

Mo fẹ́ sọ pé ọlọ́kadà ń dúró dè mí, ọ̀rọ̀ náà sì ti kéré jù lójú mi kí n tó lè la ẹnu.

“Nígbà tó jí,” bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò gbójú sókè, “ó ní òun gbọ́ ìró ọ̀kadà lójú oorun, ta ló wá? Mo ní ìwọ ni. Ó ní, ṣé o kí òun? Mo ní o kí i. Mo ní o kúnlẹ̀ dè é títí, nígbà tí kò jí lo tó lọ. Inú ẹ̀ dùn. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí i títí di ọjọ́ tó kú. Irọ́ ni mo pa fún un, ó sì gbé irọ́ náà lọ.”

Mo sunkún. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ mi, mo jókòó sílẹ̀ láàárín èérún awọ, mo sunkún bí ọmọdé, bàbá mi ò sì ní kí n dákẹ́. Nígbà tó tó àkókò lójú rẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ẹní tó jókòó lé, ó mú ìdì kékeré kan jáde. Awọ pupa ni, èyí tó ṣẹ́kù nínú àpótí rẹ̀. Ó ti gé e: itan méjì, ojúgun méjì, ó sì ti lu ihò sí ibi tí oríkèé máa wà. Ojú rẹ̀ ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ọwọ́ ló fi gé e, síbẹ̀ èmi tí mo ní ojú méjì tó mọ́ ò lè gé e kó gún tó bẹ́ẹ̀.

“So ó,” ó ní.

Mo tú ẹsẹ̀ gígan náà kúrò, mo fi okùn wáyà so ti bàbá síbẹ̀. A gbá awọ àti òòlù kúrò lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, mo so kámẹ́rà mọ́ òpó àjà, mo tẹ́ arúgbó náà sílẹ̀ bó ṣe sùn, mo gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo nawọ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sún un. Bàbá gbá ọwọ́ mi dànù.

“Ìwọ máa ya tìrẹ. Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Bàbá á tẹ orúnkún náà díẹ̀, kò ní ju ìbú èékánná lọ, á gbọ́wọ́ kúrò, á ní, “Yà á.” Màá yà á. Á tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọjá lọ sọ́jà, wọ́n ń kí wa kú iṣẹ́, bàbá ń dá wọn lóhùn láì gbójú kúrò nídìí ẹ̀. Ìyá oníkáún dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá káún lórí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì ń wò wá. Fọ́tò mẹ́rìnlélógójì ni ìkúnlẹ̀ náà gbà wá. Èyí tó kẹ́yìn ni ọmọ náà ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ojú ìyá náà.

Mo tò ó pọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, mo fi han bàbá. Ó fà á súnmọ́ ojú rẹ̀, ó wo ọmọ tó ń kúnlẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ó dáa,” ó ní, ó sì fi ọwọ́ bo gèlè aláró náà lórí tábìlì. “Kì í ṣe irọ́ mọ́.”